Kí Ẹ Tó Kan Ìlẹ̀kùn Apache: Ìdáhùn fún Àwọn Mẹ́ta Tó Jọ Kọ Láíbìrì Kan

Láti Ilésà ni ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn lónìí ti wá, ó sì dá lórí Apache, àjọ kan tó ń tọ́jú sọ́fítíwíà tí ẹnikẹ́ni lè lò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó kọ ọ́ ní:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì la jọ fi Java, èdè tí a fi ń kọ kóòdù, kọ láíbìrì kékeré kan nígbà tí a wà ní ọdún ìkẹyìn ní Ifẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ní àmì ohùn bá ara wọn mu, ọ̀nà yòówù kí wọ́n gbà tẹ̀ ẹ́. Kò ju nǹkan bí 4,000 ìlà lọ. A fi láísẹ́ńsì GPL (ìwé àṣẹ tó ní kí ohun tí a bá ṣe látinú kóòdù náà gba láísẹ́ńsì kan náà) sí i, a sì gbé e sí GitHub, ibi tí à ń kó kóòdù sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lábẹ́ àkáǹtì mi. Iléeṣẹ́ kan tó ń lò ó bi wá pé ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀ bí ó bá sú wa, ìyẹn ló sì mú wa ronú láti gbé e wọ Apache. Èmi wà ní Ilésà níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀kan ṣì wà ní Ifẹ̀, ẹnìkẹta ti lọ sí Kánádà, kì í sì í tètè dáhùn mọ́. Ṣé wọ́n á gbà á lọ́wọ́ wa? Ṣé a máa sanwó? Bí wọ́n bá sì gbà á, ṣé tiwa ló ṣì máa jẹ́?"

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ṣókí. Ẹ kò ní san kọ́bọ̀. Ẹ̀tọ́ yín lórí ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ kò ní kúrò lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n orúkọ tí ẹ sọ láíbìrì náà lè kúrò. Ní ti pé ṣé wọ́n á gbà á, mi ò rò pé wọ́n á gbà á gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó dá dúró, mi ò sì rò pé ó yẹ kí ẹ béèrè fún ìyẹn, nítorí pé ẹnu ọ̀nà mìíràn wà tó bá yín mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà yòówù kí ẹ gbà, ohun kan náà ni wọn yóò kọ́kọ́ bi yín: ta ló ni kóòdù yìí? Bí mo ṣe ka lẹ́tà yín sí, ẹ kò tíì lè dáhùn ìyẹn, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ pẹ́ sí jù.

Fún àwọn òǹkàwé mìíràn, láíbìrì tí à ń wí yìí kì í ṣe ilé ìkàwé bíi ti Hezekiah Olúwásanmí tó wà lọ́gbà yunifásítì wa. Kóòdù tí ẹnì kan kọ sílẹ̀ ni, tí ẹlòmíràn lè mú lò nínú iṣẹ́ tirẹ̀ láì tún un kọ. Èyí tí àwọn mẹ́ta yìí kọ wúlò gan-an, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ bí ẹ bá wo lẹ́tà kan ṣoṣo, ẹ́. Nínú Unicode, tí í ṣe ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń ka lẹ́tà gbogbo èdè, ẹ́ kò ní nọ́ḿbà kan tó dá jẹ́ tirẹ̀. Ẹnì kan lè tẹ ẹ (U+1EB9) ṣáájú kí ó wá fi àmì ohùn òkè lé e lórí, ẹlòmíràn lè tẹ é (U+00E9) ṣáájú kí ó wá fi àmì tóótó (dot) sí i nísàlẹ̀. Ojú tiwa kò rí ìyàtọ̀ kankan, ṣùgbọ́n lójú kọ̀ǹpútà, ohun méjì ni wọ́n. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè wá ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé tó kún fún un, kí kọ̀ǹpútà sì sọ fún yín pé kò sí níbẹ̀.

Àwọn tó ń tọ́jú Apache HTTP Server, sọ́fítíwíà tó ń fi ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí ẹni tó bá béèrè, ló dá Apache Software Foundation sílẹ̀ ní 1999, wọ́n sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Delaware ní Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí àjọ tí kì í ṣe fún èrè. Àjọ ni mo máa pè é láti ibí lọ. Ènìyàn mẹ́sàn-án tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dìbò yàn ló ń darí rẹ̀. Kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá mú kóòdù wá, bẹ́ẹ̀ ni kì í sanwó fún ẹni tó ń kọ kóòdù. Bí ọ̀kan nínú yín bá ń retí pé owó oṣù yóò máa ti ibẹ̀ wọlé, ẹ tètè là á lóye.

Ohun tí Àjọ ń fún ni ni pé ìwàláàyè kóòdù náà kò ní so mọ́ ẹ̀mí ẹnì kan ṣoṣo mọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, ẹnì kan tí inú ń bí yọ láíbìrì rẹ̀ kan tí ń jẹ́ left-pad kúrò ní npm, níbi tí àwọn tó ń kọ JavaScript ti máa ń mú láíbìrì. Ìlà 11 péré ni, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju pé kí ó fi àlàfo síwájú ọ̀rọ̀ lọ, síbẹ̀ iṣẹ́ àwọn ènìyàn káàkiri ayé dẹnu kọlẹ̀ lọ́jọ́ náà nítorí pé wọ́n gbára lé e láìmọ̀. Ìbéèrè tí iléeṣẹ́ yẹn bi yín kì í ṣe ìbéèrè ẹni tó ń wá ìjà. Lónìí, gbogbo iṣẹ́ ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lábẹ́ àkáǹtì ẹnì kan. Bí fóònù ẹni náà bá bọ́ sọ́wọ́ olè nínú mọ́tò láàárín Ifẹ̀ sí Ilésà, mi ò mọ bí àwọn méjì tó kù yóò ṣe wọlé.

Ẹnu ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Àjọ ni èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2002, tí wọ́n ń pè ní Incubator. Orúkọ náà bá iṣẹ́ rẹ̀ mu, torí pé bí adìyẹ ṣe ń sàba lé ẹyin ni àwọn àgbà inú Àjọ ṣe ń sàba lé iṣẹ́ tuntun títí yóò fi lè dá rìn. Ẹ ó kọ ìwé àbá, ẹ ó wá ẹnì kan nínú Àjọ tí yóò gbà láti ṣe alágbàwí yín, ẹ ó tún wá àwọn olùtọ́sọ́nà, wọn yóò jíròrò àbá náà ní gbangba, wọn yóò sì dìbò lé e. Bí wọ́n bá gbà yín, ẹ ó máa jábọ̀ lóṣooṣù fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀dà jáde ní ìlànà Àjọ, kí ẹ gba àwọn ènìyàn tuntun mọ́ra, kí ẹ sì fi hàn pé iṣẹ́ náà kò ní kú bí ẹnì kan bá yọwọ́. Ẹ rí i pé kì í ṣe kóòdù ni Incubator ń yẹ̀ wò jù, àwọn tó yí kóòdù náà ká ni. Láàárín ara wọn, wọ́n máa ń sọ pé àwùjọ ló ṣáájú kóòdù.

Kí ẹ lè mọ bí ó ṣe rí, ẹ wo iṣẹ́ méjì tó gba ibẹ̀ kọjá. Subversion, tó ń pa ìtàn àyípadà kóòdù mọ́, wọlé ní oṣù kọkànlá ọdún 2009, ó sì ti dá dúró ní oṣù kejì ọdún 2010. NetBeans, ohun èlò tí a fi ń kọ kóòdù, wọlé ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, oṣù kẹrin ọdún 2019 ló tó dá dúró. Àwọn ti NetBeans kì í ṣe ọ̀lẹ. Àwọn ti Subversion ti ń fi ìbò àti ìjíròrò gbangba ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó débẹ̀, ìlànà Àjọ kò sì ṣàjèjì sí wọn. Kóòdù NetBeans ní tirẹ̀ pọ̀ bí òkè, ọwọ́ iléeṣẹ́ Oracle ló ti ń bọ̀, ìpín-ìpín ni wọ́n sì ń gbé e wá, nítorí pé wọ́n ní láti mọ ẹni tó ni ohun tó wà nínú rẹ̀ kí ó tó wọlé.

Ẹ̀yin wá ńkọ́? Kóòdù tiyín kéré, ìyẹn rọrùn. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ kan bá ti dá dúró nínú Àjọ, ẹ̀dà rẹ̀ kan kò lè jáde àfi bí ó kéré tán ènìyàn mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí rẹ̀ bá dìbò +1 (ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni) fún un. Ẹ̀yin méjì lẹ ń dáhùn lẹ́tà. Iṣẹ́ tí kò bá ní ọwọ́ tó pọ̀ tó láti dìbò, àjà ni wọ́n máa ń gbé e sí nígbẹ̀yìn. Láti ọdún 2008 ni Àjọ ti ní irú àjà bẹ́ẹ̀, Attic gan-an ni wọ́n sì sọ ọ́. Mi ò fẹ́ kí iṣẹ́ yín ti ẹnu ọ̀nà bọ́ sí àjà láìjókòó ní pálọ̀.

Ẹnu ọ̀nà kejì, tí mo fẹ́ kí ẹ gbà, ni pé kí ẹ fi láíbìrì náà fún iṣẹ́ kan tó ti wà nínú Àjọ tẹ́lẹ̀, tó ní ìgbìmọ̀, tó ní àwọn olùtọ́jú, tó sì ń gbé ẹ̀dà jáde déédéé. Mẹ́ta ló wá sí mi lọ́kàn. Àkọ́kọ́ ni Apache Commons, níbi tí Commons Text wà, tó ń rí sí iṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ní Java, ṣùgbọ́n ohun tó kan gbogbo èdè ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, láíbìrì tó jẹ́ ti Yorùbá nìkan yóò sì dà bí àlejò tí kò rí ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀. Èkejì ni Apache OpenNLP, tó wà fún iṣẹ́ lórí èdè ẹ̀dá. Ẹ̀kẹta ni Apache Lucene, tó jẹ́ ìpìlẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ tí a fi ń wá ọ̀rọ̀. Ká ní èmi ni yín, Lucene ni mo máa kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Ìdí ni pé Lucene ti ní àpò kọ̀ọ̀kan fún ọ̀pọ̀ èdè, Lárúbáwá, Híńdì, Páṣíà, Bẹ̀ǹgálì àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn kan lára wọn sì ní irú ohun tí ẹ kọ yìí gan-an, èyí tó ń sọ oríṣiríṣi ọ̀nà ìkọ̀wé di ọ̀kan. Tiyín yóò bá ẹgbẹ́ pàdé níbẹ̀.

Àmọ́ ẹ múra sílẹ̀ de ìbéèrè kan tó dá mi lójú pé wọn yóò bi yín: kí ló dé tí ẹ kò kàn lo ìlànà NFC ti Unicode fúnra rẹ̀, tí Java ti ní tẹ́lẹ̀, tó sì ń sọ ọ̀nà méjèèjì tí mo ṣàlàyé lókè lórí ẹ́ di ọ̀kan? Bí ó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ni láíbìrì yín ń ṣe, wọ́n jàre. Ìdáhùn yín wà nínú ìtàn ìkọ̀wé wa. Ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá ló lo ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán lábẹ́ lẹ́tà dípò àmì tóótó, Unicode sì fún ìlà yẹn ní nọ́ḿbà tirẹ̀, U+0329, nígbà tí àmì tóótó jẹ́ U+0323. NFC kò ní sọ méjèèjì di ọ̀kan láéláé, torí pé lójú Unicode àmì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Yorùbá nìkan ló mọ̀ pé lẹ́tà kan náà ni. Bí láíbìrì yín bá ń ṣe ìyẹn, ẹ kọ ọ́ sí ìlà àkọ́kọ́ ìwé àbá yín. Bí kò bá ṣe é, ẹ fi kún un kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ohun kejì tí wọ́n lè bá yín jiyàn lé lórí ni àmì ohùn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀, nítorí náà ẹ lè fẹ́ kí láíbìrì náà bọ́ gbogbo àmì dànù. Ṣùgbọ́n nígbà náà ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ̀ tí à ń wọ̀ àti ọ̀kọ̀ ológun yóò di ohun kan náà. Ìmọ̀ràn tèmi ni kí ẹ fi àmì sílẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ bọ́ ọ dànù pàṣẹ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ẹ kò bá gbà pẹ̀lú mi, kò burú, kí ẹ̀yin méjèèjì ṣáà ti fẹnu kò kí ẹ tó débẹ̀.

Kóòdù tó pọ̀ tó báyìí, tí wọ́n kọ níta Àjọ, kì í kàn wọlé sínú Lucene bí àtúnṣe ìlà méjì. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní IP Clearance. Ìgbìmọ̀ Lucene ni yóò kọ́kọ́ gbà pé àwọn fẹ́ ẹ. Ẹnì kan nínú wọn yóò kọ àkọsílẹ̀ ibi tí kóòdù náà ti wá, ẹni tó ni ín àti láísẹ́ńsì rẹ̀. Wọn yóò gbé àkọsílẹ̀ náà síwájú àwọn ti Incubator, bí ẹnikẹ́ni kò bá sì takò ó láàárín wákàtí 72, ó ti kọjá. Wákàtí 72 yìí kan náà ni ẹ ó máa bá pàdé nínú ìbò wọn, kí ẹni tó wà ní òdìkejì ayé lè jí, kí ó kà á, kí ó sì ronú. Ó bá àwa tí iná máa ń lọ tó ń bọ̀ mu pẹ̀lú. Ẹ má ṣe rò pé gbígba kóòdù yín ni gbígba ẹ̀yin fúnra yín o. Wọ́n lè gba kóòdù náà kí ó sì pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó fún yín láṣẹ láti máa kọ sínú Lucene láìgba ọwọ́ ẹlòmíràn, nítorí pé iṣẹ́ tí wọ́n bá rí lọ́wọ́ ẹni ni wọ́n fi ń fúnni nírú àṣẹ bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè ẹ̀tọ́ wá kàn. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ilésà mọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí dáadáa. Ọmọ kan kì í jí lọ́jọ́ kan kó ta ilẹ̀ ẹbí nítorí pé òun ló ń dáko níbẹ̀. Bí olórí ẹbí kò bá lọ́wọ́ sí i, kóòtù kò ní ka títà náà sí. Bí kóòdù yín ṣe rí gan-an nìyẹn. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ilẹ̀ wa ka kóòdù kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ tí ẹni tó kọ ọ́ ní ẹ̀tọ́ lé lórí, bíi ti ẹni tó kọ ìwé. Pé ó wà lábẹ́ àkáǹtì ẹnì kan kò sọ ọ́ di tirẹ̀, ẹ̀yin méjì kò sì lè dìbò lé ẹ̀tọ́ ẹnìkẹta.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látinú ìtàn kóòdù náà fúnra rẹ̀. Git ni ohun èlò tó ń pa ìtàn kóòdù yín mọ́; àṣẹ rẹ̀ git shortlog -sne yóò to orúkọ gbogbo ẹni tí Git mọ̀ pé ó kọ nǹkan sínú rẹ̀. Mo sọ pé ẹni tí Git mọ̀, nítorí pé èmi náà ti jẹ̀bi ohun tí mo fẹ́ sọ yìí: ọ̀rẹ́ ẹni yóò fi kóòdù ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹni yóò dà á kọ, yóò sì wọlé lórúkọ ẹni. Ẹ jókòó, ẹ rántí gbogbo irú rẹ̀. Ẹni tó tún àṣìkọ kan ṣoṣo ṣe kò ní dí yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ odindi fáìlì kan ní láti fọwọ́ sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn, yunifásítì. Ẹ ní ọdún ìkẹyìn lẹ kọ ọ́. Ṣé iṣẹ́ àkànṣe tí wọ́n fi fún yín ní máàkì ni àbí ohun tí ẹ ṣe fúnra yín lálẹ́? Ṣé olùkọ́ yín kọ lára rẹ̀? Ṣé owó ìwádìí ẹnì kan wọ inú rẹ̀? Yunifásítì sábà máa ń ní ìlànà tirẹ̀ lórí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ohun èlò rẹ̀ ṣe. Ẹni tó ṣì wà ní Ifẹ̀ nínú yín ni kó lọ sí ẹ̀ka náà, kó béèrè, kó sì gba èsì ní ìwé. Èsì ẹnu kò tó; olórí ẹ̀ka tó sọ fún yín pé kò sí wàhálà lè má sí lórí àga náà mọ́ nígbà tí wàhálà bá dé.

Lẹ́yìn yunifásítì, ẹni tó gbà yín síṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ kọ lẹ́tà yìí ní ẹ ń ṣiṣẹ́ ní Ilésà. Ẹ mú ìwé tí ẹ fọwọ́ sí nígbà tí wọ́n gbà yín, ẹ kà á títí dé ìsàlẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ kan máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé gbogbo ohun tí òṣìṣẹ́ bá kọ jẹ́ tàwọn, pàápàá èyí tí ó bá fi kọ̀ǹpútà wọn kọ. Bí ìwé tiyín bá sọ bẹ́ẹ̀, tí ẹ sì ti fọwọ́ kan láíbìrì náà láti ìgbà tí ẹ ti débẹ̀, iléeṣẹ́ yín ní láti yọ̀ǹda rẹ̀ ní ìwé. Àjọ ní ìwé fún irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀, CCLA ni wọ́n ń pè é.

Ibi tí mo rò pé ẹ kò tíì ronú dé ni àwọn ohun tí kì í ṣe kóòdù. Láíbìrì bíi tiyín kò lè ṣe kó má ní gbólóhùn Yorùbá tí ẹ fi ń dán an wò. Níbo lẹ ti kó wọn? Bí ó bá jẹ́ inú ìwé ìtàn, inú Bíbélì tuntun tàbí inú ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe tiyín láti fún ẹnikẹ́ni. Bí ó bá jẹ́ Wikipedia Yorùbá, ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n láísẹ́ńsì rẹ̀ ní kí ohun tí a bá ṣe látinú rẹ̀ gba láísẹ́ńsì kan náà, bẹ́ẹ̀ sì ni kóòdù tí ẹ bá dà kọ láti Stack Overflow. Èyí kò bá ti Apache mu. Ẹ ju gbogbo gbólóhùn wọ̀nyẹn nù, kí ẹ kọ tiyín. Gbólóhùn igba kò lè gbà ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lọ́wọ́ ọmọ Yorùbá méjì, ẹ ó sì lè kọ wọ́n kí wọ́n dán àwọn ibi tó le wò gan-an.

Ní ti GPL tí ẹ fi sí i, kò ní lè bá yín wọ Apache. Láísẹ́ńsì Apache ẹ̀dà 2.0, tó jáde ní 2004, ni gbogbo kóòdù Àjọ ń lò, ìlànà wọn kò sì gba kóòdù GPL tàbí LGPL láàyè nínú ẹ̀dà tí wọ́n bá gbé jáde. Omi lè ṣàn láti Apache 2.0 wọ inú GPL ẹ̀dà kẹta, ṣùgbọ́n kì í ṣàn padà. Kí ẹ tó lè pààrọ̀ láísẹ́ńsì, gbogbo ẹni tó ní ẹ̀tọ́ nínú rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbà. Ẹni tó ti mú ẹ̀dà àtijọ́ lábẹ́ GPL ṣì lè máa lò ó bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kò lè gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ tún wo àwọn láíbìrì mìíràn tí tiyín gbára lé, torí pé bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ GPL, ìṣòro kan náà ni.

Bí gbogbo ìyẹn bá ti tò, fífọwọ́ sí ìwé kò gba àkókò. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò fọwọ́ sí ICLA, ìwé tí ẹni tó kọ kóòdù fi ń yọ̀ǹda rẹ̀ fún Àjọ, ẹ ó sì jọ fọwọ́ sí ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Software Grant fún kóòdù tó ti wà nílẹ̀. Ẹ kà wọ́n dáadáa: ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín ni ìyọ̀ǹda pé kí Àjọ lo kóòdù náà kí ó sì pín in fún ayé. Wọn kò ní kí ẹ gbé ẹ̀tọ́ yín sílẹ̀. Ẹ ṣì lè ta á fún ẹlòmíràn lọ́la, tàbí kí ẹ kọ nǹkan mìíràn látinú rẹ̀. Ìdáhùn ìbéèrè yín kẹta nìyẹn ní kíkún, bí kò ṣe ti orúkọ. Ká ní ẹ gba Incubator ni, orúkọ láíbìrì náà yóò di ti Àjọ. Nínú Lucene, yóò kàn parẹ́ ni. Inú àpò tí ń jẹ́ yo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn èdè yòókù, ni mo rò pé wọn yóò kó iṣẹ́ yín sí. Àjọ kì í sì í fẹ́ kí olùkọ̀wé kọ orúkọ ara rẹ̀ sí orí fáìlì. Àwa tí a ní oríkì fún ohun gbogbo lè rí i bí ìrẹ́jẹ, ṣùgbọ́n èrò wọn ni pé fáìlì tí orúkọ ẹnì kan bá wà lórí rẹ̀, ẹlòmíràn kì í fẹ́ fọwọ́ kàn án. Orúkọ yín yóò wà nínú ìtàn Git, ẹnikẹ́ni tó bá wá a yóò rí i.

Àwọn àjọ mìíràn wà. Software Freedom Conservancy, tó wà láti 2006 tó sì ń gba Git mọ́ra, máa ń mú ìdá mẹ́wàá nínú owó tó bá wọlé fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Software in the Public Interest, tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí Debian, ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan, ní 1997, máa ń mú ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn wọ̀nyí dára fún iṣẹ́ tí owó ń wọlé fún tó sì nílò ẹni tí yóò tọ́jú owó náà. Owó kankan kò wọlé fún tiyín, nítorí náà ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ná.

Kí Lucene tó dá yín lóhùn, ẹ gbé kóòdù náà kúrò lábẹ́ àkáǹtì ẹnì kan sí abẹ́ àkáǹtì ẹgbẹ́ ní GitHub, kí ẹ̀yin méjì tí ẹ ń dáhùn sì jọ ní àṣẹ kan náà níbẹ̀. Bí ẹ bá ń wá ọwọ́ kẹta, ẹ má kánjú gbé kọ́kọ́rọ́ lé àlejò lọ́wọ́. Ní ọdún 2024, ẹnì kan tó ti fi bí ọdún méjì ṣe ọmọlúàbí nínú xz, láíbìrì kékeré tí ẹnì kan ṣoṣo tó ti rẹ̀ ń tọ́jú, fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ìyẹn kóòdù ìkọ̀kọ̀ tí olè lè gbà wọlé, sínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1. Andres Freund, ọ̀kan lára àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà PostgreSQL, ló tú u fó, nígbà tó ṣàkíyèsí pé wíwọlé sórí ẹ̀rọ rẹ̀ nípasẹ̀ SSH, ọ̀nà tí a fi ń wọ kọ̀ǹpútà láti òkèèrè, ń pẹ́ sí i ní bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹni tí ẹ mọ ojú rẹ̀, tó wà ní ẹ̀ka yín ní Ifẹ̀, ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ó wá ku ti ọ̀rẹ́ yín tó wà ní Kánádà, lọ́wọ́ rẹ̀ sì ni gbogbo nǹkan so kọ́. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp láàárín àwòrán ìgbéyàwó. Ẹ kọ lẹ́tà gidi sí i, kí ẹ to àwọn fáìlì tó kọ síbẹ̀, kí ẹ so ICLA mọ́ ọn, kí ẹ sì ní kí ó fi ìlà kan péré dáhùn pé òun gbà kí láísẹ́ńsì yí padà. Ẹ fún un ní oṣù méjì. Àwọn baba ńlá yín ní Ìjẹ̀ṣà a máa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó bá jẹ wọ́n lówó aṣọ títí yóò fi san án. Ẹ kò lè lóṣòó dé Kánádà, ṣùgbọ́n ẹ lè bẹ ẹ̀gbọ́n tàbí ìyá rẹ̀ nílé pé kí ó bá yín pè é. Bí kò bá dáhùn títí oṣù méjì fi pé, ẹ yọ gbogbo ohun tó kọ kúrò, kí ẹ kọ ohun tí apá yẹn ń ṣe sínú ìwé ní Yorùbá ṣákálá, kí ẹ sì gbé ìwé náà fún ẹni tí kò rí kóòdù yẹn rí, kí ó tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀.